Ìjọba Ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà

Ìjọba ìbílẹ̀ ni ìpele ìṣàkóso kẹta ní Nàìjíríà, lẹ́yìn ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Àtúnṣe ọdún 1976 ló sọ ètò rẹ̀ di ọ̀kan náà jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ìwé òfin ọdún 1999 ka ìjọba ìbílẹ̀ 768 sílẹ̀, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ agbègbè 6 ní Àbújá: àpapọ̀ 774. Ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú àti ìforúkọsílẹ̀ ìbí òun ikú wà lára iṣẹ́ wọn. Nínú òfin, aráàlú ní í dìbò yan àwọn tó ń darí wọn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ gómìnà ti fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹ dípò wọn, àpò àjùmọ̀ní ìpínlẹ̀ sì ni owó ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà kọjá. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó náà máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà.