Lésà tó ń yẹ ojú ṣíìpù wò láì fọwọ́ kàn án: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀

Nínú ṣíìpù fóònù yín, ibi tí sílíkónì àti ìbòrí tín-ín-rín orí rẹ̀ ti pàdé ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Bí àbùkù bá wà níbẹ̀, ṣíìpù náà lè má ṣiṣẹ́ dáadáa. Báwo wá ni wọ́n ṣe ń yẹ ibẹ̀ wò láì gé e, láì bà á jẹ́?

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1961. Ní Yunifásítì Michigan, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Peter Franken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tan lésà pupa sínú òkúta quartz. Gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà jẹ́ nánómítà 694. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú èyí tó jáde lódìkejì jẹ́ nánómítà 347, ìdajì géérégé. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ méjì ti para pọ̀ di ọ̀kan, agbára rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì. Àmì rẹ̀ kéré gan-an lórí fọ́tò. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìwé tó gbé ìwádìí náà jáde rò pé ìdọ̀tí ni, ló bá pa á rẹ́!

Kí ló wá kan ṣíìpù nínú èyí? Nínú sílíkónì, àwọn átọ́ọ̀mù tò dọ́gba-dọ́gba. Ohun tí apá kan bá ṣe, apá kejì á pa á rẹ́, bí ìgbà tí ikọ̀ méjì tí agbára wọn dọ́gba bá ń fa okùn. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde níbẹ̀. Àmọ́ lójú sílíkónì, ìdọ́gba yẹn ti bàjẹ́, ibẹ̀ ló sì ti ń jáde. Tí ojú náà bá yí padà, ìmọ́lẹ̀ náà á yí padà.

Ó wúlò fún àwọn ohun pẹlẹbẹ tín-ín-rín bíi MoS2 pẹ̀lú, tí ìpele rẹ̀ kan kò tó nánómítà 1. Tí ìpele náà bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ á jáde; tó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́rin, kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ibi tí ègé méjì ti so pọ̀ sì lè hàn bí ìlà dúdú nínú àwòrán.

Àmọ́ lésà náà gbọ́dọ̀ lágbára, kó sì máa ṣẹ́jú wàì-wàì. Tó bá pọ̀ jù, ó lè jó ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Bákan náà, kò lè fi átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan hàn. Iṣẹ́ màíkírósíkóòpù mìíràn nìyẹn.