Àwọn Aláìládé Tó Ń Pàṣẹ fún Aládé

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Ògùnpa, omíyalé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ló ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn lọ́kàn, èyí tó gbé ilé, tó gbé ọjà, tó sì gbé ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba tó máa da kọnkéré sí ẹ̀bá odò náà ni àgọ́ ogun kan ti di ìlú lórí òkè tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹni tó bá gòkè láti àfonífojì Ògùnpa lọ sí Mápó, tó gba Ọjà'ba kọjá, tó sì já sí Bẹẹrẹ, àárín agbo ilé àwọn ológun ló ń rìn. Inú agbo ilé wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń pàṣẹ fún ìlú ọlọ́ba títí dé ilẹ̀ Èkìtì, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó dé adé nínú wọn.

Nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí ogun ti tú Òwu, ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó síbẹ̀. Ilé ti ń wó lé Ọ̀yọ́ àtijọ́ lórí nígbà náà, àwọn tí ogun lé kúrò nílé sì ń wá ọ̀gá tí wọ́n lè sá di. Okùnadé tó jẹ́ Máyẹ̀, ọmọ Ifẹ̀, ló kọ́kọ́ ṣe olórí. Ìjà dé, àwọn Ọ̀yọ́ borí, wọ́n lé e jáde, ọwọ́ wọn ni ìlú sì bọ́ sí. Ta ló wá fẹ́ sọ pé ìtẹ́ bàbá òun nìyí? Ìlú ò tíì ju ọmọ kékeré lọ.

Ọmọkùnrin tí kò ní nǹkan kan á wá sá di ológun kan. Á máa gbé nínú agbo ilé rẹ̀, á máa jẹ nínú oko rẹ̀, á sì máa tẹ̀ lé e lọ sógun. Bó bá mú ẹrú bọ̀, ọ̀gá á yọ tirẹ̀, òun náà á mú ìyókù. Díẹ̀díẹ̀ á ra ìbọn àti ẹ̀tù, àwọn aláìnílé mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í sá di òun náà. Nígbà tí agbo ilé tirẹ̀ bá kún, tí òkìkí rẹ̀ sì dé etí àwọn àgbà, wọ́n á wá oyè fún un. Àtẹ̀gùn ni oyè ọ̀hún: Ẹ̀karùn-ún, Ẹ̀kẹrin, Àṣípa, Òsì Balógun, Ọ̀tún Balógun, títí dé Balógun fúnra rẹ̀. Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè tirẹ̀ ń mójú tó ilé, Sẹ̀ríkí ń kó àwọn ọ̀dọ́ jagunjagun, Ìyálóde ń ṣojú fún àwọn obìnrin. Bí ẹni òkè bá kú, ẹni ìsàlẹ̀ á sún sókè. Ọmọ lè jogún ilé bàbá rẹ̀, ó lè jogún ẹrú, ó tilẹ̀ lè jogún gbèsè. Oyè nìkan ni kò sí nínú ogún.

Olúyọ̀lé ni àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù lọ, Ìbà tí Ọjà'ba ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọmọ Aláàfin Abíọ́dún ni láti ọ̀dọ̀ ìyá, ìyẹn kì í sì í ṣe nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n ọmọ ogun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló gbé e dépò kí Aláàfin Àtìbà tó fi í joyè Baṣọ̀run. Samuel Johnson, òpìtàn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé oko Olúyọ̀lé kì í ṣe ọ̀kan: ilá ní oko tirẹ̀, ẹ̀wà ní tirẹ̀, àgbàdo ní tirẹ̀, iṣu ní tirẹ̀. Ọjọ́ tí irè rẹ̀ bá dé ọjà, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ gbé irú rẹ̀ jáde. Ẹni tó ń bọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ẹrú ló sì ń ro oko náà. Nígbà ayé rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1840, Balógun Ọdẹ́rínlọ kó ogun lọ sí Òṣogbo, ó sì lé àwọn Ìlọrin sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni àwọn ìlú agbègbè Ọ̀ṣun ti ń wojú Ìbàdàn. Olúyọ̀lé kú lọ́dún 1847.

Àwọn òyìnbó ti sọ irú nǹkan báyìí di eré. Lọ́dún 1974, ní Amẹ́ríkà, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde, eré orí tábìlì tí kálukú ti ń sọ ara rẹ̀ di jagunjagun tàbí oṣó, tí atọ́kùn kan ń sọ ohun tó pàdé wọn lọ́nà, tí wọ́n sì ń ju dáìsì láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Nígbà tó di 1995, ilé-iṣẹ́ TSR gbé irú rẹ̀ kan jáde tó ń jẹ́ Birthright, nínú èyí tí àwọn tó ń ṣeré ti ń jọba: wọ́n ń gba owó orí, wọ́n ń rán ikọ̀, wọ́n ń kó ogun jọ. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni wọ́n fi agbára ìjọba sí níbẹ̀. Àwọn àgbà Ìbàdàn ì bá ti da òfin yẹn nù lọ́jọ́ kìíní.

Bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun ló ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí. Wọn kì í sábà yọ ọba kúrò lórí ìtẹ́. Wọ́n á pín ìlú náà fún ìjòyè kan ní Ìbàdàn, òun ni bàbá kékeré wọn. Òun ló ń gbọ́ ẹjọ́ wọn níwájú ìgbìmọ̀, òun náà ló sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Bàbá kékeré á wá fi ajẹ́lẹ̀ sínú ìlú ọ̀hún, ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọba, tí yóò máa ròyìn ohun tó ń lọ, tí yóò sì máa rán owó ẹyọ, oúnjẹ àti ẹran wá sílé. Ológun kan lè tipa bẹ́ẹ̀ jókòó sí gbàgede rẹ̀ nítòsí Ọjà'ba kí ó ní ìlú mélòó kan lábẹ́, kí ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń bá ara wọn du oyè náà sì ní tirẹ̀. Lẹ́yìn tí Ìbíkúnlé tó jẹ́ Balógun àti Ògúnmọ́lá tó jẹ́ Ọ̀tún rẹ̀ tú Ìjàyè ní 1862, tí Kúrunmí, olórí ìlú náà, ti kú, kò sí ìlú Ọ̀yọ́ mìíràn tó lè kò wọ́n lójú.

Ìbọn àti ẹ̀tù ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́, etí òkun sì ni wọ́n ti ń wá. Ìbàdàn ò ní etí òkun. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló ni ọ̀nà, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń tì í. Èyí ló jẹ́ kí ọwọ́ Látòósà, tó di olórí ní 1871 tó sì jẹ oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, le koko sí àwọn ará ilé pàápàá. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde, oníṣòwò ńlá tó máa ń ya àwọn ológun ní ohun ìjà, bá a fà á lórí gbèsè àti ogun àjàìsinmi. Látòósà yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì pa á ní 1874. Eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1970 ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ obìnrin náà sí ìkà; Bọ́láńlé Awẹ́, òpìtàn, ló rán wọn létí pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú wà nínú ikú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n pa Ẹfúnṣetán ni Ìyápọ̀ tó jẹ́ Sẹ̀ríkí, ọmọ Ìbíkúnlé gan-an, fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ nígbà tí ìgbìmọ̀ kẹ̀yìn sí i.

Àwọn ajẹ́lẹ̀ ló wá dáná ọ̀ràn. Ẹran àti obìnrin ará ìlú ò bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn. Lọ́dún 1878, Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí bẹ́ orí Oyèpẹtun, ajẹ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀, ni ọ̀tẹ̀ bá ràn káàkiri. Àjàyí Ògbóríẹfọ̀n, Balógun Ìbàdàn, ṣì ṣẹ́gun ní Ìkirun ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ogun tí wọ́n ń pè ní Jálumi, ṣùgbọ́n Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kóra jọ, Ògèdèngbé ará Iléṣà di olórí ogun wọn, àwọn ará wọn ní Èkó sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí wọn. Ogun yìí ni wọ́n ń pè ní Kírìjì, ojú rẹ̀ ni Látòósà kú sí ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àgọ́ tó tú. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn náà ni Baálẹ̀ Fìjàbí àti àwọn ìjòyè Ìbàdàn bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn.

Ìlú tí wọ́n ń jẹ́ bàbá kékeré fún lọ, àtẹ̀gùn oyè kò lọ. Baálẹ̀ di Olúbàdàn ní 1936. Ìlà méjì ni wọ́n ń tò títí dòní, ti Ọ̀tún Olúbàdàn àti ti Balógun, ìpele tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ju ogún lọ, wọ́n sì ń gbé oyè fún ara wọn ní ìkọ̀ọ̀kan. Ní 2017, nígbà tí Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi fi adé lé àwọn àgbà ìjòyè lórí, ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà gbà lọ, Ràṣídì Ládọjà sì wà lára àwọn tó kọ̀ ọ́. Ládọjà ọ̀hún, gómìnà tẹ́lẹ̀, ló gorí oyè Olúbàdàn ní Mápó ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ọjọ́ kejì tó pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ẹni tí Ládọjà gbapò rẹ̀, Ọba Olákùlẹ́hìn láti ìlà Balógun, kò lò ju nǹkan bí ọdún kan lọ lórí ìtẹ́. Láyé Olúyọ̀lé, ogun kan ṣoṣo lè fa ènìyàn sókè. Ní báyìí, ikú àwọn tó wà níwájú nìkan ló ń sún wọn, ẹni tí yóò bá sì dé òkè gbọ́dọ̀ ní ẹ̀mí gígùn.