Níbo ni iṣẹ́ yín ti ṣẹ̀ wá?

Láti Adó-Àwáyè la ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gun òkè wa láti wo adágún Ìyákẹ̀, fọ́tò ni wọ́n ń yà lọ. Àwa ọ̀dọ́ ibí náà, tá a bá fẹ́ kọ ìtàn tàbí ṣe fíìmù, Èkó lọkàn wa máa ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo Ìṣẹ́yìn tó múlé tì wá. Dókítà oníṣègùn ni Wálé Òkédìran, ọmọ Ìṣẹ́yìn. Láti 2003 sí 2007, ó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábújá. Ohun tójú ẹ̀ rí níbẹ̀ ló fi kọ Tenants of the House, ìtàn àròsọ tó jáde ní 2009. Ní 2010, òun àti Kopano Matlwa ti Gúúsù Áfíríkà jọ gba Ẹ̀bùn Wọlé Ṣóyínká.

Ọdún yẹn náà ló dá ibùdó àwọn òǹkọ̀wé Ẹ̀bẹ̀dì sílẹ̀ n'Ísẹ́yìn, ó fi orúkọ òkè ìlú pè é. Àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà ń wá jókòó kọ̀wé níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn.

Ábújá fún un lọ́rọ̀. Ó wá ṣílẹ̀kùn fáwọn ẹlòmíì nílé. Ojú tiwa náà ń rí nǹkan l'Ádó-Àwáyè. Bá a ò bá sọ ọ́, àwọn tó wá ya fọ́tò ni yóò bá wa sọ ọ́. Kí lojú yín rí lónìí?