Ooru fún Ọmọ Ìjàpá Omi Tí A Ń Sìn Nílé

Ọmọ ìjàpá omi kò lè dá ooru ara rẹ̀ ṣe. Èèyàn, ajá àti ẹyẹ ń sọ oúnjẹ di ooru nínú ara wọn, ṣùgbọ́n ní ti ìjàpá, bí omi àti afẹ́fẹ́ tó yí i ká bá ṣe tutù tó ni ara òun náà ṣe ń tutù tó. Ìdí nìyí tí ètò ooru fi ṣáájú oúnjẹ pàápàá fún ẹni tó fẹ́ sìn ín ní ilẹ̀ olótùútù. Oúnjẹ tí ìjàpá bá jẹ nígbà tí ara rẹ̀ tutù kì í dà. Inú rẹ̀ ni yóò wà tí yóò fi bàjẹ́.

Èyí tí wọ́n ń sìn jù lọ lágbàáyé ni Trachemys scripta elegans, ìjàpá omi tó ní ìlà pupa lẹ́yìn ojú. Agbègbè odò Mississippi ní Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, karawun rẹ̀ kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, kò sì wúwo tó gíráàmù 10. Ara tó kéré báyìí máa ń tètè gba ooru, ó sì máa ń tètè pàdánù rẹ̀, bí tíì inú ife ti í tutù ṣáájú omi gbígbóná inú ìkòkò. Àgbà ìjàpá lè fara da òru tútù kan tàbí méjì. Ọmọ kò ní ohun tí yóò fi fara dà á.

Láti inú ẹyin ni ooru ti ń pàṣẹ fún un. Ẹyin tó bá wà nínú ilẹ̀ tó jẹ́ nǹkan bíi 26°C máa ń di akọ, èyí tó bá wà ní 31°C máa ń di abo. Lẹ́yìn tó bá ti pa, yíyá oòrùn di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ọmọ ìjàpá lórí igi tó dábùú omi yóò rí i tó na ọrùn síta, tó na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì gbọọrọ, tó ya àwọn ìka ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí oòrùn lè kan awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó so wọ́n pọ̀, tó wá di ojú méjèèjì. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tó, a já bọ́ sómi; bó bá tún tutù, a tún gun òkè. Lílọ bíbọ̀ yìí ló fi ń ṣètò ooru ara rẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ olùtọ́jú kọ́ ni láti mú gbogbo inú àpótí tí ìjàpá ń gbé gbóná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pèsè ibi gbígbóná àti ibi tó tutù díẹ̀, kí ẹ̀dá náà lè yan èyí tó bá ara rẹ̀ mu. Àpótí tó gbóná bákan náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun kò sàn púpọ̀ ju èyí tó tutù lọ.

Ní ọdún àkọ́kọ́, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárín 25°C sí 28°C ló yẹ ẹ́. Bó bá ti ń dàgbà, a lè jẹ́ kí omi rẹ̀ tutù díẹ̀ sí i. Òkè gbígbẹ tí yóò máa gùn gbọ́dọ̀ gbóná tó 32°C sí 35°C, kí ó sì jáde kúrò nínú omi pátápátá, nítorí ìjàpá tí àyà rẹ̀ ṣì ń kan omi kò tíì yá oòrùn. Hítà inú omi tó ní tẹmósítáàtì ni wọ́n fi ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn olùtọ́jú sábà máa ń ka wáàtì kan sí lítà omi kan. Kí hítà náà ní ìbòrí oníke, kí ìjàpá má baà jó. Kí a sì yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná kí a tó da omi nù, torí hítà onígíláàsì tó bá gbóná láìsí omi lè fọ́. Gílóòbù olóoru ni a ó gbé kọ́ sókè ibi gbígbẹ. Kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara rẹ̀ láti fi díwọ̀n ooru. Tẹmómítà méjì, ọ̀kan nínú omi, ọ̀kan lórí òkè, kò wọ́n. Òkúta oníná tí wọ́n ń tà fún àwọn ẹran afàyàfà kò dára rárá, ó máa ń jó àyà ẹran náà kí ó tó mọ̀.

Ooru nìkan kò tó. Ìjàpá nílò ìtànṣán UVB inú oòrùn kí awọ ara rẹ̀ lè ṣe fítámì D3, èyí tí kálísíọ̀mù kò lè wọ egungun láìsí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ méjèèjì wọnú ara wọn: ìtànṣán ló ń bẹ̀rẹ̀ fítámì náà nínú awọ, ooru ara ló sì ń parí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, karawun ọmọ ìjàpá yóò rọ̀, yóò sì wọ́. Gíláàsì fèrèsé máa ń dí UVB lọ́nà, nítorí náà gbígbé àpótí sẹ́bàá fèrèsé kò rọ́pò gílóòbù UVB. Agbára gílóòbù yìí sì máa ń tán kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó tán, ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Wákàtí 10 sí 12 lójúmọ́ ni kí àwọn gílóòbù fi tàn. Lóru, a ó pa wọ́n, a ó sì jẹ́ kí hítà inú omi máa ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Chicago ló máa ń dín ẹ̀rọ amúlé-móoru kù lóru nítorí owó iná. Ilé tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ọmọ ìjàpá sílẹ̀ láìsí hítà tirẹ̀.

Àmì òtútù kì í pariwo. Ọmọ ìjàpá yóò kọ oúnjẹ, yóò máa di ojú lọ́sàn-án, kò ní fẹ́ wẹ̀ mọ́. Bí òtútù bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, yóò máa ya ẹnu, imú rẹ̀ yóò máa hó, yóò sì máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí omi. Èyí ti kọjá ohun tí hítà nìkan lè wò, dókítà ẹran ló kù. Kí a má da omi gbígbóná lé ìjàpá tí òtútù mú. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a gbé ooru omi rẹ̀ sókè.

Ìtàn títa àwọn ọmọ ìjàpá yìí bani nínú jẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà fi ń tà wọ́n nínú abọ́ oníke kékeré tó ní igi ọ̀pẹ oníke láàárín, láìsí hítà, láìsí gílóòbù. Wọ́n kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àìsàn Salmonella tí wọ́n ń kó ran àwọn ọmọdé ló mú kí ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de títa èyí tí karawun rẹ̀ kò bá tó íǹṣì 4 ní 1975, àfi fún ẹ̀kọ́, ìwádìí àti ìpàtẹ. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de kíkó Trachemys scripta elegans wọlé ní 1997. Ní 2016, wọ́n fi Trachemys scripta lápapọ̀ sínú àwọn ẹ̀dá àjèjì tí a kò gbọ́dọ̀ tà, tí a kò sì gbọ́dọ̀ tú sínú odò. Ewu Salmonella wà nínú ilé náà: kòkòrò àìfojúrí máa ń pọ̀ nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí náà ẹni tó bá fọwọ́ kan ìjàpá tàbí omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí a má sì da omi náà sínú ibi tí a ti ń fọ abọ́.

Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀ràn náà yí padà. Pelusios castaneus, ìjàpá omi tó wà nínú àwọn àbàtà wa, kò nílò hítà ní Èkó. Oòrùn ọ̀sán ló ń pa tirẹ̀: bí a bá gbé bàsíà ṣíṣí tí kò ní òjìji sínú oòrùn, omi inú rẹ̀ lè gbóná ju bó ṣe yẹ lọ kíákíá, bí ara ìjàpá bá sì kọjá 40°C, ikú ti dé tòsí. Oòrùn àárọ̀ àti ibòji tó lè sá sí ti tó fún un.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń bẹ̀ fún ìjàpá, ẹ kọ́kọ́ ra àpótí, hítà, gílóòbù àti tẹmómítà. Ẹ tan gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ máa wo ooru rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Bí kò bá dúró lójú kan, ẹ má tíì mú ẹ̀dá kankan wálé.