Orúkọ àti Ìwé Ilẹ̀ nínú Òwò Erékùṣù Èkó

Àwọn àgbà ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ òwe yìí, kí ó wo ìtàn òwò ní erékùṣù Èkó.

Erékùṣù kékeré ni Èkó. Kò ní igbó ọ̀pẹ tí ó lè kún ọkọ̀ òyìnbó. Láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti òkè lọ́hùn-ún ni epo rẹ̀ ti ń wá. Owó ẹyọ sì wúwo: ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe 20,000 ẹyọ, ẹrù odidi alááru kan ni. Nítorí náà àwìn ni ó gbé òwò ró. Òyìnbó a kó aṣọ, iyọ̀ àti tábà fún oníṣòwò Èkó. Òun a tà á fún ará òkè. Ìgbà tí epo bá dé ni gbèsè tó ń tán.

Kí ni òyìnbó gbẹ́kẹ̀ lé? Látètèkọ́ṣe, orúkọ ni, pẹ̀lú onígbọ̀wọ́. Nínú àṣà wa, bí gbèsè bá le, onígbèsè lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ ìwọ̀fà ni èlé. Kò dín ojú owó kù rárá. Ṣùgbọ́n a kì í ta ilẹ̀ ẹbí nítorí gbèsè ẹnì kan.

Lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1861, ìjọba ń fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní ìwé ilẹ̀. Ó ran Sàró àti Àgùdà lọ́wọ́, tí wọ́n ti oko ẹrú bọ̀: wọ́n rí ohun tí wọn yóò fi ṣe ìdógò. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó epo wálẹ̀ lẹ́yìn 1880, ọ̀pọ̀ onígbèsè pàdánù ilé wọn. Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ ní 1894, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ kì í sábà rí owó yá níbẹ̀. Ìyẹn ni àwọn ọmọ ilẹ̀ fi dá National Bank of Nigeria sílẹ̀ ní 1933.

Ní Ẹdẹ níbí, rélùwéè tí ó gba ìlú wa dé Òṣogbo ní 1907 so ọjà wa mọ́ ti Èkó. Àwọn òṣómàálò Ìjẹ̀ṣà ń ta aṣọ láwìn kiri láìgba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìtìjú ni wọ́n fi ń gba owó: wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san.

Kò sí èyí tí kò ní oró tirẹ̀. Nínú ìwọ̀fà, ọmọ ń san gbèsè baba. Nínú ìwé ilẹ̀, ọmọ tí a kò tíì bí pàápàá ń san án. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí a tó fọwọ́ sí ìwé ní báńkì, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: ta ni ó ni ohun tí a fi ń ṣe ìdógò yìí?