Bí Ọrọ̀ Ajé Bá Gbérí, Kí Ló Kan Òṣìṣẹ́?

Òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji rí leji ń pa. Ọba tó bá jáde sójò yóò tutù bí ẹrú rẹ̀; ìtumọ̀ òwe náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olóṣèlú ló ń fojú òjò wo owó ìlú: kí ọrọ̀ ajé ṣáà ti gbérí, yóò kan tolówó tòtòṣì. Ohun tí ojú wa rí ní Nàìjíríà láàárín 2019 sí 2024 kò gbe ọ̀rọ̀ yẹn.

Oṣù kẹrin 2019 ni owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦30,000. Lọ́dún kejì, àrùn kòrónà dé, ọrọ̀ ajé fà sẹ́yìn. Ó gbérí kí 2020 tó parí, ó sì fi ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i ní 2021. ₦30,000 yẹn kò yẹsẹ̀. Kò yẹsẹ̀ ní 2022, kò yẹsẹ̀ ní 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo tí náírà sì já wálẹ̀. Ó di oṣù keje 2024 kó tó di ₦70,000. Nínú ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀, bí a bá da gbogbo ọjà pọ̀, ohun tó jẹ́ ₦1,000 ní ìparí 2019 ti lé ní ₦2,000 nígbà tí 2023 fi máa parí.

Ohun kan wà níbí tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀. Bí rédíò bá ní ọ̀wọ́ngógó ọjà ti wálẹ̀, ẹni tó gbọ́ yóò retí pé owó gàrí máa já. Nígbà tí kò bá já, yóò ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Wọn kò purọ́. Eré tí owó ọjà ń sá lọ sókè ló dínkù. Owó ọjà fúnra rẹ̀ ṣì ń gòkè. Ká ní kóńgò gàrí kan jẹ́ ₦1,000. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gun orí rẹ̀ lọ́dún yìí, ó di ₦1,300. Ìdá 15 péré ló gun orí rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e: ọ̀wọ́ngógó ti já sí ìdajì, síbẹ̀ kóńgò kan náà ti di ₦1,495. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ dúró lójú kan ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi kún owó rẹ̀ lẹ́yìn náà títí tó fi bá ọjà dọ́gba, ta ni yóò san èyí tó ti sọnù láàárín ọdún méjèèjì fún un? Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n mú kúrò nílé ìwé ní 2022 kò ní padà di ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 2024. Ìgbà tí ọjà wọ́n àti ìgbà tí owó oṣù gòkè, àárín wọn gan-an ni òṣìṣẹ́ ti ń di òtòṣì.

Àwọn àgbà tó rántí owó Udójì yóò ní àfikún owó oṣù fúnra rẹ̀ ló ń ba ọjà jẹ́. Ìgbìmọ̀ Jerome Udoji jábọ̀ ní 1974, ìjọba Gowon san àfikún náà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tòun ti àjẹsílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, ọjà sì fò sókè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó epo rọ̀bì ti di ìlọ́po mẹ́rin ṣáájú, ìjọba sì ti ń ná an. Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì tí ìjọba rà kún ojú omi Èkó ní 1975 débi pé ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ kò ríbi já ẹrù, ọjà mìíràn kò sì ráyè wọlé. Kì í ṣe akọ̀wé tó gba owó Udójì ló pe ọkọ̀ wọ̀nyẹn wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Gẹ̀ẹ́sì ń kó ẹ̀kùrọ́ àti ẹ̀pà wa lọ, òwò ń lọ, oúnjẹ sì ń wọ́n lójú òṣìṣẹ́. Wọ́n dúró, wọ́n rí i pé nǹkan kan kò kàn wọ́n. Ní oṣù kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí Michael Imoudu ti rélùwéè wà lára àwọn aṣáájú wọn, yanṣẹ́ lódì fún ohun tó lé ní oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbìmọ̀ Tudor Davies dé, tó ní kí wọ́n fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà wọn.

Eji ń pa ẹni tó bá ṣáà ti jáde. Owó ní ojú ọ̀nà tó ń gbà. Ní 2021 yẹn, báǹkì àti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù wà lára àwọn tó yára gòkè. Iṣẹ́ àgbẹ̀, tó gba èèyàn jù wọ́n lọ fíìfíì, kò fi bẹ́ẹ̀ lé ní ìdá 2. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ló sì ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, tí kò ní owó oṣù kankan tí ẹnikẹ́ni lè fi kún. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ti 2019 tún yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀.

Òfin 2024 ti sọ àtúnyẹ̀wò owó oṣù tó kéré jù lọ di ọdún mẹ́ta-mẹ́ta dípò márùn-ún. Ó sàn, àmọ́ kò tó. Ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa béèrè ni kí owó oṣù máa bá ìṣirò ọjà rìn lọ́dọọdún, kí òfin náà sì de ilé ìtajà tí ọmọbìnrin mẹ́sàn-án ti ń dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.