Ta Ló Ni Ìlàrí? Àyẹ̀wò Ètò Ilé Ẹjọ́ Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà

Ìfáárà

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ẹjọ́ tó bá kọjá agbára baálé a máa dé ọ̀dọ̀ ìjòyè. Bí kò bá yanjú níbẹ̀, ààfin ló kàn. Ọba tó dá ẹjọ́ náà ló ni ìlàrí, ìránṣẹ́ ààfin, tí yóò mú àṣẹ rẹ̀ ṣẹ. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀: abala 5 fi ìṣàkóso lé ààrẹ àti gómìnà lọ́wọ́, abala 6 fi ìdájọ́ lé ilé ẹjọ́ lọ́wọ́. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ètò náà, ó sì fi ẹjọ́ mẹ́ta láti ilẹ̀ Yorùbá wo ohun tí ìyàsọ́tọ̀ yìí ń bí.

Ọ̀nà tí ẹjọ́ ń gbà

Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1973, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó-orí jẹ ìjọba lógún. Abala 251 fún un ní ẹjọ́ tirẹ̀: owó-orí ìjọba àpapọ̀, owó ibodè, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ òfúrufú, epo rọ̀bì. Ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní ilé ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ àti ti ìpànìyàn sábà máa ń wà lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹjọ́ lọ síbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀, bó tilẹ̀ jàre, asán ló jàre.

Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí òfin ìpínlẹ̀ náà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti ẹjọ́ owó ibodè Apapa jọ ń pàdé ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, kí wọ́n tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Àbújá. Adájọ́ márùn-ún ló kéré jù níbẹ̀. Bó bá kan ìtumọ̀ ìwé òfin, ó di méje. Ìjà ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ kì í gba ìsàlẹ̀: ibẹ̀ gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ adájọ́ ní Nàìjíríà (NJC) ló ń dábàá àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fún ààrẹ, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà tó fọwọ́ sí wọn.

Ẹjọ́ mẹ́ta

Ní 1962, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, yọ Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn náà, ó sì fi Àlhájì Dáúdà Adégbẹnrò rọ́pò rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Èkó dá Akíntọ́lá láre. Ní May 1963, Privy Council ní London, níbi tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí nígbà náà, yí i padà. Àwọn aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn tún òfin wọn kọ, wọ́n mú un padà sẹ́yìn, ìdájọ́ London di òfo. Láàárín ọdún náà, ẹjọ́ kò lọ London mọ́.

Ní April 1970, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá Lákànmí, tí ìjọba ológun gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀, láre. Kò pẹ́ tí àwọn ológun fi gbé àṣẹ kejìdínlọ́gbọ̀n jáde láti pa ìdájọ́ náà rẹ́.

Ní 2004, ìjọba àpapọ̀ dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró nítorí ìjọba ìbílẹ̀ tuntun 37 tí ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀. Ní December, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé ìdásílẹ̀ wọn kò tíì parí láìsí ọwọ́ àwọn aṣòfin àpapọ̀, ṣùgbọ́n ààrẹ kò lágbára láti di owó náà mú. Síbẹ̀, owó ọ̀hún kò jáde tán títí ààrẹ mìíràn fi gorí oyè ní 2007.

Àgbálọgbábọ̀

Abala 287 pàṣẹ kí gbogbo aláṣẹ mú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ṣẹ. Ohun tí abala náà kò lè pèsè ni ìlàrí. Ní 1963 àti 1970, ẹni tí ẹjọ́ dá lẹ́bi ló ń ṣòfin. Ní 2004, òun ló di àpò owó mú. Ìdí nìyí tí òmìnira adájọ́ nìkan kò fi tó ìwọ̀n láti fi mọ bí ìdájọ́ ṣe lágbára tó. Bí a bá ti mọ ẹni tó jàre, ó yẹ ká bèèrè ẹni tó ni ìlàrí.